Ike Síídì Tí Èkúté Ò Jẹ

Èkúté ni mo fẹ̀sùn kàn. Mo wo etí àwọn ike síídì tó wà lórí pẹpẹ bàbá afọ́jú kan, mo rí i pé nǹkan kan ti jẹ wọ́n lápá ọ̀tún, ó ti jẹ wọ́n lápá òsì, mo sì pòṣé. Mo ní, "Ẹ wo ohun tí èkúté ń fojú afọ́jú rí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ láti dá mi lóhùn ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má rí bó ṣe rí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń da orin inú síídì sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn. Wọ́n á pè mí wá sílé, màá gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, màá máa ki àwo bọ̀ ọ́ lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan, á kà á, á tún pọ̀ ọ́ jáde. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo orin tí ìdílé kan fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ á ti wọnú nǹkan tí kò tó àtàǹpàkò. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá wọn kó ìyókù lọ. Ẹni tó bá rí ilé mi á rò pé ààtàn ni mo fi ń ṣe yàrá. Ẹ̀rọ síídì mọ́kànlá ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn mi nígbà náà, ike òfìfo kún páálí mẹ́ta dẹ́nu, orúnkún mi sì ń dùn mí nítorí àtẹ̀gùn ilé onílé. Ó ti rẹ̀ mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yin lẹ dá a mọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ilé tí mo dé tí wọn kì í bi mí: ṣé ẹ̀rọ síídì ṣì wúlò? Àwọn ọkùnrin ló máa ń bi í jù, àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n jókòó sáàárín gbohùngbohùn méjì kí wọ́n sì di ojú. Wọ́n á ní ohùn inú àwo kún ju ti fóònù lọ, pé ó ní ẹran lára. Màá ní nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára àwo yẹn, nọ́ńbà náà ni mo kó sínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan ò já bọ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ ìyàtọ̀, kó lọ fọ etí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ní ti ohùn, òótọ́ ni mo sọ. Ní ti ohun tó kù, ojú mi fọ́ ju ti Bàbá Láìnì lọ.

Bàbá Láìnì ò ríran láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní ilé ìwòsàn ńlá kan, nínú yàrá kótópó tí kò ní fèrèsé, torí àwọn tó kọ́lé náà gbà pé kí ni afọ́jú fẹ́ fi fèrèsé ṣe. Tí èèyàn bá pè láti ìta, àwọn ni wọ́n ń dáhùn, àwọn ni wọ́n ń so onítọ̀hún mọ́ wọ́ọ̀dù tàbí ọ́fíìsì tó ń wá. "Ẹ dúró lórí láìnì, mo ń so yín pọ̀." Gbólóhùn yìí ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu débi pé, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ọmọ wọn obìnrin ló pè mí. Alásè ni ní ilé ìwé kan, irinwó ọmọ ló ń se oúnjẹ fún lójúmọ́, aago mẹ́rin ọ̀sán ló máa ń wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á ti wú. Òun àti Bàbá nìkan ló ń gbé ilé náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan nílùú mìíràn, ti ń sọ ọ́ láti ọdún kan pé ó yẹ kí wọ́n mú Bàbá lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò já sí ni pé níwọ̀n ìgbà tí Bàbá bá ṣì lè dá ṣe nǹkan fúnra wọn, kí wọ́n wà nílé. Bí wọn ò bá lè dá a ṣe mọ́, kí wọ́n máa lọ.

Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Mo ti ra tuntun fún wọn. Pẹpẹ yẹn ti gba ògiri kan tán, Bàbá sì ti kọ lu igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ yẹn náà, ẹ gbé e lọ. Ta ló tún ń lo síídì?" Kì í ṣe ọmọ burúkú rárá. Ó ti rẹ òun náà ni, ó sì ń wá bí ilé á ṣe fúyẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ṣiṣẹ́ náà, ó ti mú Bàbá lọ yọ eyín. Mo da àwo mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n gbé lọ, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ike yẹn ń dùn mí lójú. Mo ní afọ́jú ni wọ́n, wọ́n lè fi ike tó ti sán ya ara wọn lọ́wọ́. Mo ní báàgì aláwọ̀ dúdú kan nínú ọkọ̀ mi, ó ní síìpù, inú rẹ̀ rí rèǹtè-rente, oníbàárà kan ló fún mi. Mo kó àwọn àwo náà sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo kó àwọn ike sínú àpò ìdọ̀tí, mo gbé e síta fún ọkọ̀ akólẹ̀. Mo tún fi aṣọ tútù nu pẹpẹ. Oore tí igún ṣe tó fi pá lórí nìyẹn. Mo wá gbé ẹ̀rọ síídì dání, mo lọ sílé, ó di ìkejìlá lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Okùn kọ̀ǹpútà mi tí mo gbàgbé síbẹ̀ ló mú mi padà lọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ dúró lórí láìnì. Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Aládàkọ ni. Mo wá mú okùn mi."

"Wọlé, ọmọ mi."

Ilé náà pa rọ́rọ́. Wọ́n padà sórí àga wọn, wọ́n gbé fóònù tuntun náà lé itan, àtàǹpàkò wọn sì ń lọ ń bọ̀ létí rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni tó ń wá ojú òwú. Mo rí okùn mi nílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ orin lónìí?"

"Ó ń dán jù."

"Kí ló ń dán, sà?"

"Nǹkan yìí. Kò ní etí, kò ní ìdí. Mo fọwọ́ kàn án níbí, ó pariwo. Mo fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, ó panu mọ́. Lánàá, ó pe ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bá a sọ."

"Wọ́n ní ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ kẹ̀. Ẹ kàn máa dárúkọ orin tẹ́ ẹ fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ta ló sọ fún ọ pé mo mọ orúkọ wọn? Ẹ̀yìn ike ni wọ́n kọ orúkọ sí. Ṣé èmi ni mo fẹ́ kà á?"

 Wọ́n wá bi mí bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. "Aládàkọ, àwọn ike mi ńkọ́?"

"Mo ti kó wọn dànù, Bàbá. Èkúté ti jẹ gbogbo etí wọn."

"Èkúté kọ́," ni Bàbá wí. "Èmi ni."

 Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń rẹ́ èékánná, wọ́n nà án sí mi kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Gbogbo yàrá ilé ìwòsàn yẹn ló ní nọ́ńbà láìnì tirẹ̀. Àwo tí wọ́n bá rà, wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ronú pé yàrá wo ló jọ, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà yàrá náà. Gígé tó wà létí òsì ike jẹ́ ẹ̀wá-ẹ̀wá, tí ọ̀tún jẹ́ oókan-oókan.

"Èyí tó máa ń pariwo tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Èyí tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, méjìlá, ilé òkú. Wọn kì í yára gbé tẹlifóònù níbẹ̀. Èyí tó ń ró kòròbá-kòròbá, méje, ilé ìdáná. Mo kọ wọ́n nílà, ọmọ mi, kí n lè dá wọn mọ̀ láwùjọ."

"Gbogbo àádọ́rùn-ún ó dín mẹ́rin yẹn?"

"Gbogbo wọn. Ogójì ni yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ibẹ̀ ni ìyá ọmọ mi ti ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó kúrú."

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ti sọ fún ọmọ wọn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Wọ́n ní, "Inú rẹ̀ ń dùn sí fóònù tó rà. Tí mo bá wá ní mi ò lè lò ó, á sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, 'Ṣé o rí i báyìí? Bàbá ò lè dá orin gbọ́ mọ́.' Òun nìkan ni nǹkan tí mò ń dá ṣe nínú ilé yìí láìbẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bá mi dáná, wọ́n ń bá mi fọṣọ, wọ́n ń bá mi gé ẹran. Ti orin, èmi ni mò ń dìde gbé e fúnra mi."

Ojú tì mí, mo sì sọ fún wọn pé ojú ń tì mí. Wọ́n ní ìtìjú ò lè gbé ike padà wá, ká wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀rọ wọn padà wá, pẹ̀lú páálí mẹ́ta tó kún fún ike òfìfo. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé mi ò kì í da nǹkan nù nílé ara mi. Ẹ̀rọ náà dúdú, ó wúwo, bọ́tìnnì márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì: ọ̀kan yọ síta, ọ̀kan tẹ̀ wọnú, ọ̀kan gùn gbọọrọ. Mi ò tíì fìgbà kan ṣàkíyèsí pé wọn ò jọra, bẹ́ẹ̀ méjìlá ló wà nílé mi. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, abọ́ tó ń gba àwo sì yọ jáde.

"Káàbọ̀ o," ni Bàbá wí fún un.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màá mú àwo kan nínú báàgì, màá gbé e sínú ẹ̀rọ, orin á bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìlà kejì Bàbá á ti ní, "Mẹ́rìnlélógún, àwọn oníṣẹ́ abẹ." Màá wá mú irin, màá gé méjì sósì, mẹ́rin sọ́tùn-ún, Bàbá á fi ìka wọn kà á, wọ́n á sì gbé e sáyè rẹ̀ lórí pẹpẹ. Nígbà tó kan ogójì, wọ́n jẹ́ kí orin náà lọ tán. Orin kan tó rọra ń lọ ni, obìnrin ló ń kọ ọ́, gìtá kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Bàbá gbá ike rẹ̀ mọ́ àyà kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. A ṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi bó.

Ọmọ wọn wọlé ní aago mẹ́rin, ó bá ẹ̀rọ náà lórí pẹpẹ.

"Màmá, ẹ tún gbé e padà?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Mo ní àmì Bàbá ni mo kó dànù, èkúté ni mo pè é. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó wo àwọn ike tuntun náà títí.

"Ogún ọdún ni mo fi ń nu pẹpẹ yẹn," ló wí. "Èmi náà rò pé èkúté ni." Ó fọwọ́ pa ojú. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó wá bá Bàbá nídìí orin wọn."

Ọjọ́bọ̀ kejì ni nǹkan yí padà. Mo gbé àwo kan sí i, ìlù àti fèrè ló wà níbẹ̀, orin tó lè jí òkú. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tún tẹ́tí.

"Ogójì," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ogójì ti wà o. Obìnrin tó ń fi gìtá kọrin yẹn."

 Wọ́n na ọwọ́ sí pẹpẹ, wọ́n wá ogójì, wọ́n ka gígé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. "Ṣé mo ti sọ ọ́?"

"Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, sà."

"Tún un gbé sí i."

Mo tún un gbé sí i. Mò ń wo ètè Bàbá, ó ń mì bí ti ọmọ tí wọ́n pè dìde ní kíláàsì tí kò mọ ìdáhùn. Orin náà lọ, ó lọ, ó tán.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. "Mo mọ̀ pé tèmi ni. Mo mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n mi ò mọ yàrá tó ń lọ mọ́. Aládàkọ, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo jókòó tì wọ́n. Àárẹ̀ tó mú mi nígbà náà, kì í ṣe ti orúnkún.

"Láti ọdún tó kọjá ni," ni wọ́n wí. "Tí àmì bá wà lára ike, ọwọ́ mi á rántí. Orí mi ni kò rántí mọ́. Má sọ fún wọn. Tí wọ́n bá mọ̀, mo ti lọ nìyẹn."

Ẹ wò ó bí oore mi ṣe tó. Mo rò pé orin afọ́jú nìkan ni mo gbé dànù, àṣé iyè rẹ̀ ló wà létí àwọn ike yẹn, èmi ni mo kó o fún akólẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n wá gé sára èyí.

"Gé ogójì. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnì kan bá pè tí mi ò mọ ibi tó ń lọ, ogójì ni mò ń so ó mọ́, kí n lè rí nǹkan bi ìyá ọmọ mi. Èyí tí n ò bá ti mọ̀, jẹ́ kó máa lọ bá a."

Mo gé e. Kí a tó parí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ogójì ti di márùn-ún.

Nígbà tí Sátidé pé, ọmọ wọn ní kí n wá, pé bóyá ẹ̀rọ á yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé. Ọkùnrin tó ga ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ǹtì ilé. Ó kí mi dáadáa. Ó wo ẹ̀rọ síídì, ó mi orí.

"Nǹkan yìí ṣì ń ṣiṣẹ́? Bàbá, àtijọ́ lẹ wà o." Ó jókòó. "Ó dáa, ẹ gbé èyí tí ìyá wa fẹ́ràn sí i, ká gbọ́."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò ni, gbogbo wa ló sì mọ̀. Bàbá dìde. Wọ́n rìn lọ sídìí pẹpẹ láìdi nǹkan kan mú, ìka wọn ń rìn létí àwọn ike, ó dúró lórí ogójì, wọ́n fà á yọ. Wọ́n gbé àwo sínú ẹ̀rọ. Ìlù àti fèrè bú jáde.

Ọmọ wọn obìnrin wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀.

"Ẹ dúró lórí láìnì," ni Bàbá wí, ohùn wọn ò gbọ̀n. "Mo ń so yín pọ̀."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n mú ogójì mìíràn. Ọkùnrin kan ń kọrin ẹ̀mí níbẹ̀. Wọ́n yọ ìyẹn náà. Ìkẹta ló wá jẹ́ obìnrin onígìtá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọ́fíìsì ti dìde, ó ti mú ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń yí wọn wò lójú fèrèsé.

"Gígé kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé e báyìí?"

 Èmi ni mo dáhùn.

"Èmi ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, mo ṣì wọ́n gé. Bàbá ti bá mi wí sí i."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kó ti àkọ́kọ́ dànù?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀, Màmá." Ó ju àwọn ike sórí tábìlì. "Tí iṣẹ́ bá ti sú èèyàn, ṣe ló yẹ kéèyàn fi sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo àmì wọn dànù, ẹ wá tún un ṣe, ẹ tún bà á jẹ́. Ẹni tí kò ríran lẹ wá ń ṣe báyìí fún?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tó jẹ́ tèmi, kò sẹ́ni tó bú mi sí i lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe tèmi ni mo jẹ èébú lé lórí. Àbúrò rẹ̀ ní kó fi mí sílẹ̀, pé orin ìyá àwọn ń lọ lọ́wọ́. Ó padà jókòó, ó sì gbọ́ ọ títí ó fi tán, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ń lọ, mo gbọ́ ohun tó sọ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Iyè wọn ṣì pé. Pẹ̀lú gbogbo rúdurùdu tí obìnrin yẹn ṣe, wọ́n ṣì wá a rí. Jẹ́ kí wọ́n wà nílé."

Àwọn méjèèjì ṣì wà níta nígbà tí Bàbá pè mí.

"Aládàkọ, mélòó ni ogójì báyìí?"

"Márùn-ún, sà."

Wọ́n rò ó. "Bó bá di mẹ́wàá, kí ìwọ fúnra rẹ sọ fún ọmọ mi. Obìnrin ni mo ń wí. Má jẹ́ kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Tí mo bá ń bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà pé kó o má sọ, má dá mi lóhùn."

Mo ní mo gbọ́. Bàbá ní àwọn fẹ́ kí n búra, mo sì búra.

Àwọn ọkùnrin ṣì ń bi mí bóyá ẹ̀rọ síídì ṣì wúlò. Mi ò kì í sọ pé kí wọ́n lọ fọ etí mọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń lò ó nínú ilé, báwo ló sì ṣe ń mọ èyí tó fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rò pé mò ń yẹra fún ìdáhùn ni. Mo sì máa ń yẹ etí gbogbo ike wò kí n tó jù ú nù, ìyẹn ti wá ń jẹ́ kí iṣẹ́ mi pẹ́ sí i.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń mú àwo kan lọ fún Bàbá nínú èyí tí àwọn èèyàn ní kí n kó dànù. Nọ́ńbà láìnì ṣì ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì lò. Ní oṣù àkọ́kọ́, inú wọn máa ń dùn sí i. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á yan yàrá fún un, wọ́n á sọ ìtàn dókítà kan tàbí nọ́ọ̀sì kan tó máa ń bú wọn lórí láìnì. Lẹ́yìn náà, ìtàn ń kúrú. Lẹ́yìn náà, kò sí ìtàn. Ọmọ wọn máa ń bá wa níbẹ̀ ní aago mẹ́rin, á gbé tíì fún mi, á ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ ò mọ bí ara ṣe ń tù mí tó tí mo bá gbọ́ orin láti ẹnu ọ̀nà." Mi ò kì í lè wo ojú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a, ti èmi ò sì tíì pé ọdún kan.

Àná jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo gbé àwo kan lọ, dùùrù nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó dára. Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá yíjú sí apá ibi tí mo jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogójì ni.

Mo mú irin, mo gé e. Ìkẹsàn-án nìyẹn.